Àwo Orin Tó Hu Irùngbọ̀n

Ìyá Bọ́lá, jókòó, kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ọ kí n tó gbàgbé. Èmi àti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì wa, àwa tá a ti ń ta gìtá látìgbà èwe, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwo tuntun tán ni. Bá a ṣe gbé e jáde, irùngbọ̀n funfun ti hù sí i lára. Mo mú abẹ, mo fá a. Ó tún hù. Mo fá a títí apá fi ń ro mí.

Délé onílù wa ní, “Fi í sílẹ̀, jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀.”

Bá a ṣe wà ní pápá ìṣeré nìyẹn, tí èrò kún fọ́fọ́. A kọ orin tuntun náà tán, kò sẹ́ni tó mira. Màmá àgbà kan níwájú wá rẹ́rìn-ín: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó yá, ẹ kọ ti àtijọ́ yẹn fún wa.”

Inú bí mi! Orin tá a fi ọdún mẹ́ta ṣe! Mo lanu láti sọ pé a ò ní kọ ọ́ mọ́ láéláé, àfi bí ẹnu mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àtijọ́ ọ̀hún. Gbogbo pápá ń jó, Délé náà ń jó. Mo fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, orin ò dúró, ni mo bá jí.