Àmì Kan Tó Dá Dúró

3.

...nítorí pé ọkọ̀ ojú omi yẹn kò yẹ kó rì. Èèyàn mẹ́rìnlá péré. Èyí tó kó ogún gúnlẹ̀ láyọ̀. Lórí àwòrán tí kọ̀ǹpútà mi yà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì kan:

. . . . . . . . .

                                                    .

Rodiat, àbúrò mi, wà nínú ẹyọ tó dá dúró yẹn, èyí tó rì.

4. ÌKÉDE

Àpérò Àgbáyé Àwọn Onímọ̀ Sìtatísíìkì àti Kọ̀ǹpútà. Ẹ̀pẹ́, 2007. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbayì jù lọ yóò kàwé lókè òkun lọ́fẹ̀ẹ́.

5. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ORÍ FÓÒNÙ

DÓKÍTÀ MOJÚBÀOLÚ, ọ̀gá mi: Saheed, àmì yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wá ìdí ẹ̀, tàbí kó o yọ ọ́. Ọ̀la ni mò ń fi ránṣẹ́ sí àpérò.

ÈMI: Ó dáa, sà.

2.

Mo mọ ìdí ẹ̀. Ní èbúté, ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ọmọ tí wọ́n gbé lé itan, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ìyá àtàwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Màmá gbé Rodiat lé itan. Màmá yè é.

6. ILÉ WA, LASUNWON

ÈMI: Màmá, ọmọdé mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?

MÀMÁ: A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

ÈMI: Wọ́n ti kú, Màmá.

MÀMÁ: Ìwọ lo bí wọn?

ÈMI: Ẹ ṣáà fojú bù ú. Iṣẹ́ mi ni.

MÀMÁ: Irun orí ẹ ńkọ́? O ti kà á tán?

ÈMI: Màmá, ẹ jọ̀ọ́.

MÀMÁ: Rodiat mi wà níbẹ̀. Mi ò mọ òmíràn. Ṣé o máa dárúkọ ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́?

ÈMI: Màá dárúkọ ẹ̀.

MÀMÁ: Mò ń bá ẹ lọ nìyẹn.

7.

. . . . . . . . .

8. Ẹ̀PẸ́

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Màmá jókòó lẹ́yìn, ìborùn tuntun lọ́rùn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́. Tiwọn dákẹ́. Tiẹ̀ ò dákẹ́.

9.

Ó rìn wá síwájú lójú gbogbo àlejò.

MÀMÁ: Èwo ni Rodiat?

DÓKÍTÀ (ó ń rẹ́rìn-ín): Màmá, gbogbo wọn náà ni.

MÀMÁ: Mi ò bi yín, ọ̀gá. Ọmọ mi ni mo bi.

Mo nàka sí àmì kan lára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ ń tan àwòrán mi sí. Ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ láìséwu ni. Mi ò tiẹ̀ mọ àwọn tó wà nínú ẹ̀.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àmì náà bọ́ sẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò. Àmì padà sára ògiri. Ó tún gbé e lé e.

10. ÌBÉÈRÈ

Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó tó fẹ́ yan ẹni tó ń lọ òkè òkun: "Iṣẹ́ yìí mọ́ jù. Ṣé o yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀?"

Màmá, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lára ògiri: "Kí ló wí? Tú u fún mi."

ÌDÁHÙN: