Ẹja Àkọ́kọ́ Tí Agọsi Kò Rán

Àwọn mọ́kànlá ló na ọwọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó dúró lórí òpó láàárín ọ̀sà, Agọsi sì wà lára wọn. Olùkọ́ Dánsù, ẹni tó ń kọ́ wọn ní Bíbélì, ló ní kí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé láti ọdún yìí lọ, onígbàgbọ́ tó bá fẹ́ kó akaja rẹ̀, ọgbà ẹja inú omi, kò ní gbé ẹja àkọ́kọ́ lọ fún vodun, òrìṣà omi, mọ́. Olúwa tó dá ẹja ni wọn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Akaja kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ọdún kan gbáko ni ẹ̀ka igi tí a gún sínú omi fi ń kó ẹja jọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kíkó rẹ̀, ó kéré tán ọkọ̀ mẹ́jọ ló gbọ́dọ̀ fi àwọ̀n yí i ká. Bí ẹni tó ni ín kò bá sì ti mú ẹja kan níbẹ̀ lọ sí ojúbọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kò sí aládùúgbò tí yóò gbé ọkọ̀ wá.

Akaja Agọsi ló kọ́kọ́ tó kó. Hunsa ọkọ rẹ̀ ló gún ẹ̀ka ibẹ̀, kí ìjì tó da ọkọ̀ rẹ̀ dé. Mẹ́ta nínú òpó ilé wọn ti jẹrà. Bí omi bá fi lè kún kí ó tó fi owó ẹja ra igi pààrọ̀ wọn, ilé náà yóò wó, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì.

Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ kíkó akaja náà, ó dúró de Dánsù lẹ́yìn ìdánrawò orin.

"Olùkọ́, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Pétérù náà bẹ̀rù lórí omi."

"Kì í ṣe àwọn ará ìlú nìkan. Lọ́jọ́ ìjì yẹn, mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Hunsa kò padà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń gbàdúrà, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ló ń rí. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kò ní jáde lẹ́nu mi. Máa tẹ̀lé Olúwa bẹ́ẹ̀ náà, àbúrò mi. Ẹni tó ń tiro náà ń rìn."

Agọsi lọ sílé, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Nígbà tí ó tukọ̀ dé ibi akaja lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ìjọ méjì tàbí mẹ́ta ló ń retí. Mẹ́tàlá ló bá. Àwọn abọ̀rìṣà wá, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá, kódà ọmọ baba olójúbọ wà níbẹ̀ tó ń tú àwọ̀n. Agọsi jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ mi, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Baba, O gbọ́ mi.

Wọ́n fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n ń fa ẹ̀ka yọ. Ẹja ẹpìyà ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

"Ìyàwó wa," Kpadonu ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pariwo, "ẹja rẹ sanra jù ọ́ lọ o!"

"Ọkọ mi, ẹ di àwọ̀n yín mú. Ẹ̀yin ẹ máa wò mí títí ẹja á fi gba abẹ́ ẹsẹ̀ yín lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tí o fi ránṣẹ́ sójúbọ lánàá ló wá ga," Kpadonu ní. "Baba olójúbọ ń fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun. Ó ní ẹ̀yin onígbàgbọ́ náà ti wá gbọ́n."

"Èwo ni mo fi ránṣẹ́?"

"Àrọ̀ ńlá tí Olùkọ́ yín gbé wá ńkọ́? Ó ní ìwọ lo rán òun, pé ojú ló ń tì ọ́."

Agọsi yíjú. Dánsù wà lódìkejì àwọ̀n, ó tẹríba bí ẹni tó ń wá nǹkan nísàlẹ̀ ọkọ̀.

"Olùkọ́, mo rán yín níṣẹ́?"

Ó rọra tukọ̀ sún mọ́ ọn. "Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, àbúrò mi. Àwọn mọ́kànlá yẹn, mẹ́jọ ló ti wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé kí n yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ẹ̀jẹ́ náà. Ta ni ìbá wá? Ilé rẹ ń wó lọ."

"Orúkọ mi lẹ lò."

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé ògiri lò ń bá sọ̀rọ̀? Mo rò pé kò ní dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Egbò tí Agọsi ṣí han Dánsù kí ó lè bá a fẹ́ atẹ́gùn sí i, ibẹ̀ gan-an ni Dánsù ti ìka bọ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ àárọ̀ yẹn ló dùn ún jù. Irọ́ ló ń dúpẹ́ lé lórí.

"Ẹ sọ fún wọn pé n kò rán yín."

Dánsù wo ọmọ baba olójúbọ. Ó tún tẹríba.

Agọsi dìde nínú ọkọ̀. Ó gbé ohùn sókè. "Ẹja tó dé ojúbọ lánàá kì í ṣe tèmi. N kò rán ẹnikẹ́ni. Ti Jésù ni mí."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kò sẹ́ni tó bi ọ́!" Kpadonu sọ̀rọ̀ kíákíá. "Sọ pé o ń ṣàwàdà. Agọsi, mo bẹ̀ ọ́, rò ti àwọn ọmọ Hunsa, kí o ní àwàdà ni."

Ó rò ó. Ó wo ẹja tó ń fò, ó ka òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́.

"Kì í ṣe àwàdà, ọkọ mi."

Ọmọ baba olójúbọ ló kọ́kọ́ sọ okùn àwọ̀n sílẹ̀. Èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọ̀n rì, omi hó, ẹja sì tú jáde lọ sínú ọ̀sà gbalasa. Kpadonu mi orí, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Dánsù ló di okùn mú pẹ́ jù, àfi bí ẹni pé yóò dúró. Nígbà tó yá, òun náà sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tukọ̀ tẹ̀ lé wọn láìbojúwẹ̀yìn.

Àwọn ẹ̀ka tí wọ́n fà yọ ń léfòó kiri. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ìgbì yóò kó wọn lọ kí ó tó dọ̀la, kò sì ní sí akaja mọ́. Agọsi sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dé àyà rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó gún un padà sínú ẹrẹ̀.

"Olúwa," ló wí, "bóyá O ń gbọ́, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ Rẹ ná."

Ó nawọ́ mú ẹ̀ka mìíràn.