Aṣọ Ìnujú Pupa Lórí Ọgbà Orọ́

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Loramis fi kọ́lé, torí ní abúlé wọn létí òkun Haiti, ọkùnrin tí ò nílé kì í kọ lẹ́tà tọrọ ọmọ ọlọ́mọ. Yàrá méjì, òrùlé páànù, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù tí Mesilia, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, fúnra rẹ̀ yàn. Ó kùn ún tán ni Àǹtí Sedoni, tó tọ́ ọ dàgbà, bá gbé lẹ́tà lọ fún bàbá Mesilia. Aṣọ ìnujú sílíkì pupa ni wọ́n fi wé e.

Inú bàbá dùn, ṣùgbọ́n ta ni í sáré dáhùn bí ẹni tí ọmọ ti sú? Ó ní kí wọ́n wá gbọ́ èsì ní Àìkú kẹta. Mesilia ń yọjú ṣáá, bàbá bá ní:

“Kí ló ń kán ẹ lójú? Ṣé ilé mi ń jò sí ẹ lórí ni?”

Loramis ti sọ fún Mesilia pé, “Bí bàbá ẹ bá kọ̀ mí, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Násọ̀ lókè òkun ni màá wọ̀. Mi ò lè máa wo ilé yẹn lójoojúmọ́.”

“Àwọn ọkọ̀ tó ń rì yẹn? Orí ẹ dàrú!” Mesilia rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí èsì pé ni kọfí bàbá dà sórí aṣọ ìnujú náà. Mesilia fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó sá a sórí ọgbà orọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti mú. Áà, ayọ̀ burú! Ọmọ abúlé wo ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá kọ ọkọ kì í sọ̀rọ̀, pé aṣọ ìnujú ni í kọ́ sórí ọgbà, kí ẹbí ọkọ wá mú un lọ láìsí ìtìjú? Mesilia mọ̀. Kò rántí ni.

Àǹtí Sedoni ń ti ọjà bọ̀, ó rí i. Kò yà, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mú un, ó ń sunkún lọ. Mesilia rò pé atẹ́gùn ló gbé e, ó wá inú igbó títí.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá wọ kóòtù, adìẹ ti jinná. Àǹtí Sedoni nìkan ló wọlé, pẹ̀lú aṣọ dúdú lára àti aṣọ ìnujú pupa lọ́wọ́. Ọkọ̀ Násọ̀ tí Loramis wọ̀ ti rì. Àwọn apẹja gbé ẹni méjì péré dé láàárọ̀ yẹn, Loramis ò sí níbẹ̀.

“Ṣé ọmọ mi burú tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ fi kọ̀ ọ́?”

“Kọ̀ ọ́ kẹ̀? Mo ti gbà! Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́!”

“Ta ló wá kọ́ èyí sórí ọgbà?”

Bàbá wo ìyá Mesilia, ìyá wo bàbá. Mesilia ń wo aṣọ náà. Ó mọ́ tónítóní, àbàwọ́n kọfí ò sí níbẹ̀ mọ́.

“Èmi ni,” ó ní. “Ó dọ̀tí ni.”