Ìgò Ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Sípánà ńlá náà ba àpótí gíláàsì, ó fọ́ yángá. Férémù awò ojú dúdú, férémù aláwọ̀ wúrà, gbogbo wọn dà sílẹ̀ bí eegun ẹja. Kòjòmọ́ tún gbé sípánà sókè, ó fọ́ èkejì.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?" Onígíláàsì ti fẹ̀yìn rìn kan ògiri.

"O fọ́ ojú ọmọ mi!"

Ó fi ọwọ́ kan fún un lọ́rùn aṣọ, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ ya láti ìpéǹpéjú ọkùnrin náà, ó ṣàn wọ ẹnu rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni dókítà sọ pé àwọn yóò yọ ojú òsì ọmọ Kòjòmọ́. Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà. Bí ó bá tẹríba sórí ẹ̀rọ, òógùn a máa yọ gíláàsì kúrò nímú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ra lẹ́ǹsì lọ́wọ́ onígíláàsì yìí, awẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Láti bí oṣù mẹ́rin ni ojú ti ń ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata ra lójú, tó fi aṣọ bo fèrèsé nítorí kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Dókítà ní ara lẹ́ǹsì ni kòkòrò kan gbà wọ ojú náà. Kòjòmọ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ yìí nìkan ló kù tó ń pè é ní Bàbá nínú ilé. Ó ti ilé-ìwòsàn lọ sílé, ó mú sípánà, ó ti ìgò oògùn tí ọmọ náà fi ń fọ lẹ́ǹsì bọ àpò, ó jáde.

Onígbàjámọ̀ ìsọ̀ kejì sáré wọlé. "Ẹ fi í sílẹ̀! Púlọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Kòjòmọ́, ẹ wá ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jò sílẹ̀!"

"Súnmọ́ ibí, kí tìrẹ náà jò." Ó fi sípánà gba afẹ́fẹ́ fìrì. Onígbàjámọ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà.

Kòjòmọ́ ti sípánà bọ abẹ́ apá, ó fa ìgò náà yọ, ó fi gún onígíláàsì láyà. "Oògùn rẹ rèé. Mu ún! Mu ún kí n rí i!"

Onígíláàsì gbà á. Ó mì ín, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó tún un mì.

"Bàbá, ta ló bu omi sí i?"

"Omi wo?"

"Oògùn yìí máa ń hó bí ọṣẹ tí a bá mì ín. Èyí ò hó. Tí ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ pa mí, ṣùgbọ́n mo sọ fún ọmọ yín lẹ́ẹ̀mẹta pé omi ẹ̀rọ, omi kànga, itọ́, ọ̀kankan ò gbọdọ̀ kan lẹ́ǹsì. Inú omi ni kòkòrò tó ń jẹ ojú ń gbé. Ọmọ yẹn a nu ọwọ́ ẹ̀ gbẹ, a tún un nu, títí n ó fi máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Sípánà wúwo mọ́ Kòjòmọ́ lábẹ́ apá.

Ó rántí ọ̀sán kan ṣáájú àìsàn ojú náà. Ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀ láti wá òwú tí yóò wé mọ́ ẹnu páìpù kí ó má baà jò. Ìgúnpá rẹ̀ gbá ìgò kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, oògùn dà sílẹ̀, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi tí òun fúnra rẹ̀ so, tí omi rẹ̀ ń ti táǹkì tí òun fúnra rẹ̀ gbé sórí òrùlé wá. Ó rọ omi sí i dé ibi tí oògùn dé tẹ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀wù nu ara ìgò náà. Kò sọ fún ọmọ náà. Kí ló wà níbẹ̀ láti sọ? Omi ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fa omi wọ ilé onílé; a kì í bá omi ṣọ̀tá.

Ó jọ̀wọ́ ọrùn aṣọ náà. Onígíláàsì jókòó lulẹ̀ sínú àfọ́kù.

Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n ti fi báńdéèjì bo ojú òsì ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ yín."

"Kì í ṣe tèmi."

"Ẹ lọ bá onígíláàsì jà, àbí? Mo mọ̀ pé ẹ máa lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Dókítà ní omi ni. Ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ò gbẹ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ́ ojú ara mi."

"Bàbá, ẹ lọ fọwọ́ kí ẹ tó dì í mú o," nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n ti ń bọ̀ wá gbé e lọ yàrá iṣẹ́-abẹ."

Ẹ̀rọ omi wà ní igun yàrá. Ó ṣí i. Etí rẹ̀ sọ fún un pé wáṣà, rọ́bà inú rẹ̀, ti jẹ, pé kò ní pẹ́ jò. Omi náà mọ́ gaara. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ó tì í pa láìfọwọ́. Ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè kan ọmọ náà. Táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e ti ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìgò rẹ," ó ní, "èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ."

Ọmọ náà yí ojú kan tó kù sí i.