Ìgò Inú Àpò Kóòtù

Mo mọ ìró pikọ́ọ̀pù káfíńtà yẹn láàárín ọgọ́rùn-ún ọkọ̀. Tó bá ti yà wọ òpópónà wa, àyà mi á ti máa lù kìkì bí ẹni ń kan ìṣó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìró mìíràn ni mo gbọ́. Bó ṣe ń yà wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni ìdí ọkọ̀ náà ń kùn, grù-grù-grù, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ó sọ̀ kalẹ̀, eruku igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀ńjíníà,” ó ní, “ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ ṣe o. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ yín ló ti ń bú mi.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo de dífúrẹ́ńṣà àlòkù sí i, ìyẹn àgbá irin tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Irú tirẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Àwọn àwo pẹlẹbẹ wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń fún mọ́ ara wọn, kí ẹsẹ̀ kan má baà máa yí lásán nígbà tí ọkọ̀ bá rì sínú iyanrìn. Bàbá mi ló lọ yàn án láàárín òkìtì irin. Bàbá ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ogójì ọdún ariwo ẹ́ńjìnnì ti dí etí wọn. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ àlòkù yàn bíi tiwọn ládùúgbò wa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́. Orúkọ tí wọ́n ní nìyẹn, òun náà la sì ń jẹ.

Kò yẹ kí n sọ nǹkan kan kí n tó gun ọkọ̀ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi nìyẹn: bi ọkọ̀ léèrè kó o tó dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí mo ti ń lálàá rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ló ń wò mí yìí, ó sì ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ta ayédèrú ọjà fún.

“Dífúrẹ́ńṣà náà ló ti jẹ,” mo ní.

“Ṣé kì í ṣe pé ẹ ò dè é dáadáa ni?”

“Èmi kẹ̀? Bàbá ló rà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé etí wọn ti di. Ariwo tó yẹ kí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ń yí i wò, wọn ò gbọ́. Àgbà ti dé.”

Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

“Káfíńtà mẹ́fà là ń gbé ọkọ̀ wá síbí, nítorí Bàbá ni,” ó ní. “Tí Bàbá ò bá mọ irin mọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀, ká wá ibòmíràn lọ.”

Ibi tó ń wò ni mo yíjú sí. Bàbá wà lórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́, wọ́n sì tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ẹni tí kò gbọ́ràn a máa ka ètè. Ẹnu èmi gan-an ni wọ́n fi kọ́ ọ nígbà tí etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá bẹ́ sí i.

Bàbá dìde. Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú.

“Àbíkẹ́yìn,” wọ́n pè mí, “gbé ọkọ̀ yẹn, jẹ́ ká lọ.”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wa síwájú ọkọ̀, a jáde sí pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì tẹ́ ọwọ́ sí ara ìjókòó.

“Máa lọ tààrà.”

Mo lọ tààrà. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

“Tẹná sí i.”

Mo tẹná. Kò hu, kò ké.

“Ó tó. Rọra, kó o wá yà sọ́tùn-ún.”

Grù-grù-grù.

“Sósì.”

Grù-grù-grù. Bàbá rọra mi orí.

“Tó bá jẹ́ eyín ẹ̀ ló jẹ, ì bá máa hu ní tààrà,” wọ́n sọ fún káfíńtà. “Tó bá jẹ́ béárìn ni, bó o bá ṣe ń sáré ni yóò ṣe máa ké. Èyí, ìgbà tó bá ń rọra yà nìkan ló ń kùn. Àwọn àwo inú ẹ̀ ló ń gan mọ́ra. Kò sóhun tó ṣe irin yẹn, ọ́ìlì ẹ̀ ni kò pé. Ó ní oògùn kan tá à ń pò mọ́ ọn, inú ìgò kékeré.”

“Ta ló wá gbàgbé ẹ̀, Bàbá?”

Bàbá wo iwájú. “Á jẹ́ pé èmi ni. Mi ò rò pé mo gbé e fún ọmọ yìí. Àgbà ti dé.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni wọ́n fi dáhùn.

“Àbíkẹ́yìn, lọ mú ọ̀kan wá lórí pẹpẹ.”

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìgò mẹ́ta tò lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sára kóòtù iṣẹ́ mi tó dọ̀tí, tó ti wà lórí ìṣó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀. Ìgò wà níbẹ̀, ìdérí ẹ̀ ò tíì ṣí.

Gbogbo ẹ̀ padà wá. Lọ́jọ́ tí mò ń ṣiṣẹ́ náà, Bàbá gbé ìgò lé mi lọ́wọ́, mo sọ ọ́ sápò. Ni mo bá gbọ́ ohùn káfíńtà níta, ó wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Mo wọ búláòsì tuntun sábẹ́ kóòtù, aláwọ̀ òféefèé. Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, kò sí ọmọbìnrin tó fi kóòtù ọ́ìlì pàdé olólùfẹ́. Mo bọ́ kóòtù, mo fi kọ́, mo wá fi ẹ̀rín da ọ́ìlì lásán sínú iṣẹ́ Bàbá.

Tí mo bá mú ìgò kan lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá ti bò mí láṣìírí. Ìtìjú á kúrò lọ́rùn mi, á sì wà lọ́rùn wọn títí láé.

Mo mú kóòtù náà lọ. Mo dúró síbi tí Bàbá ti lè rí ẹnu mi.

“Bàbá ò gbàgbé,” mo sọ fún káfíńtà. “Wọ́n gbé e fún mi. Àpò kóòtù mi ló wà. Irọ́ ni mo pa mọ́ etí wọn.”

“Kí ló dé tí ẹ bọ́ kóòtù lẹ́nu iṣẹ́?”

“Kí ẹ lè rí búláòsì mi ni.”

Ó wò mí, ó tún wò mí. “Búláòsì wo?”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ń béèrè ni. Kò rí i rárá. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé oòrùn ni. Káfíńtà yíjú sí Bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ wọn mú. “Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mo ti fẹ́ẹ́ sá lọ.”

A yọ lára ọ́ìlì àtijọ́, mo da ti inú ìgò sí i, díẹ̀ sì ta sí mi lọ́rùn ọwọ́. A padà sí pápá. Mò ń yí bí ẹni ń kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sílẹ̀, kí oògùn náà lè dé àárín àwọn àwo. Nígbà àkọ́kọ́, ó kùn. Nígbà kẹrin, ó kùn, ó dín kù. Mi ò lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ojú àwọn méjèèjì wà níbẹ̀.

Nígbà kọkànlá, Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lára ìjókòó.

“Ó ti dákẹ́.”

Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó, wọ́n mú kóòtù tí mo jù síbẹ̀, wọ́n jù ú lé mi nítan.

“Wọ kóòtù ẹ,” wọ́n ní. “Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.”