Ìpè Kẹta

Kí n má parọ́, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni tó bá ní n kò mọ̀, ẹni náà kò mọ̀ mí ni.

Láti ọjọ́ Ajé ni èmi àti Kiumars ọkọ mi ti ń pète pé a máa gun òkè lọ sí Taleqan ní òpin ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì lọ́dọ̀ tiwa. Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tehran, àárọ̀ títí di alẹ́, mo sì ti sọ “kò sí” fún àwọn aláìsàn títí ẹnu fi bó mi. Odidi oṣù mẹ́rin, mi ò sun oorun gidi. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, kí n sùn, kí n jí, kí n mu tíì, kí n tún sùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ mi.

Kiumars ti ń kó èédú àti irin ìsunran jọ bí ẹni tó ń lọ sógun. Ìyẹn ò kàn mí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé tí a fẹ́ lọ sùn, ilé màmá mi ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ọwọ́ wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ?

Màmá mi ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ojú òsì wọn ti lọ. Dókítà sì fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ojú ọ̀tún náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e, pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ rí, kí a tètè mú wọn lọ wò ó. Láti ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni màmá ń dárúkọ Taleqan. Wọn kì í ní “ẹ mú mi lọ” o. Wọ́n á kàn ní, “Òdòdó pupa á ti bo ẹ̀gbẹ́ òkè báyìí.”

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bá màmá mi wọkọ̀ rí. Ìrìn wákàtí mẹ́ta á di mẹ́fà. “Kiumars, ọmọ mi, dúró níbí, ewé yìí dáa fún ọbẹ̀.” “Kiumars, dúró, mo mọ bàbá ẹni tó ni ilé yẹn.” Tí wọn ò bá ti sọ̀rọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ oyún ni, oyún tí èmi ò tíì ní. Ó ti rẹ̀ mí, jàre.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo pè wọ́n lórí fóònù.

“Màmá, a fẹ́ lọ sí Taleqan lọ́la. Ẹ bá wa lọ.”

“Háà, rárá o, Farangis mi. Ẹ lọ gbádùn ara yín. Kí ni arúgbó ń wá láàárín tọkọtaya?”

Ọ̀kan nìyẹn.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Àyè wà nínú ọkọ̀.”

“Orúnkún ń dùn mí, ọmọ mi. Ẹrù ni màá dì lé yín lórí.”

Èkejì nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là á pe àgbà. Ti àkọ́kọ́, kíkí lásán ni. Ti èkejì, ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta gan-an ni ìpè. Àgbà tó bá gbà kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ní kò nítìjú. Màmá dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí wọn lórí fóònù. Wọ́n ń dúró.

Mo ní, “Ó dáa, Màmá. Ẹ sinmi o. A máa yà gba kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀.”

“Ó dáa, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Kò burú.”

Kiumars ń gé àlùbọ́sà sórí ẹran. Kò wojú mi. “Ẹ̀ẹ̀mejì,” ló wí.

“Ẹ̀ẹ̀mejì kí ni?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lo pè wọ́n. Mo ń kà á.”

“Wọ́n ní àwọn ò lọ! Ṣé kí n fokùn fà wọ́n ni? Kí ló tiẹ̀ kàn ọ́ níbẹ̀?”

“Kò kàn mí,” ló dáhùn. “Ìyá rẹ ni.”

Mo bú u dáadáa. Oorun tí mo ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, mi ò rí i sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ń tì mí, mo sì tún ń bínú pé ojú ń tì mí.

Láàárọ̀, Kiumars dúró sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, èmi gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé màmá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀wù ìrìnàjò wọn ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ti we ìborí, wọ́n ti fi àtíkè pa ojú, wọ́n sì wọ bàtà dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn tí wọn kì í jẹ́ kí dókítà pàápàá wọ bàtà wọlé. Báàgì ńlá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òórùn ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún dín gba gbogbo ilé.

Wọ́n gbọ́ pé mo dákẹ́. “Mo fẹ́ jáde lọ ra búrẹ́dì ni,” ni wọ́n wí.

“Tẹ̀yin ti báàgì ńlá yẹn, Màmá?”

Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọ́n na abọ́ oúnjẹ tẹ̀ lé e. “Ẹ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ṣèèṣì sè é pọ̀ ni.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

“Rárá.”

Mo mọ rárá màmá mi. Èyí kì í ṣe irú ti àná. “Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí o, Màmá.”

“Àná ló yẹ kí o pe ẹ̀ẹ̀kẹta. Èyí tí o ń pè mí báyìí, àánú ni. Mi ò ní jẹ àánú ọmọ tí mo bí.”

Ọ̀rọ̀ bá bú jáde lẹ́nu mi. “Mi ò fẹ́ kí ẹ wá! Mo mọ̀ pé ẹ ń dúró lórí fóònù, mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Ó rẹ̀ mí, Màmá. Ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Gbogbo ewé lẹ fẹ́ já. Gbogbo ìgbà lẹ ń bèèrè oyún bí ẹni pé mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwà ìkà ni mo hù. Ẹ má bínú. Ẹ bá mi lọ.”

Mo ń retí ìgbátí. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń sọ irú ẹ̀ síyàá ẹ̀? Màmá jókòó sórí àpótí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

“Ṣé ọ̀rọ̀ mi pọ̀ jù lóòótọ́?”

“Ó pọ̀ jù, Màmá.”

“Bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú.” Wọ́n nu ojú. “Ó dáa. O ti sọ tìrẹ. Gbé báàgì yẹn wò.”

Mo gbé e, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. “Ọjọ́ méjì péré, kí lẹ dì sínú èyí?” Mo ṣí i. Ẹ̀wù òtútù ni, ìbọ̀sẹ̀ onírun, bàtà yìnyín, oògùn, àwòrán bàbá mi. Nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀!

“Ẹ̀yin ń lọ sinmi,” ni màmá wí. “Èmi ń lọ sílé ni. Tí o bá gbé mi débẹ̀, mi ò ní bá yín padà. Munir àbúrò mi wà ní ilé kejì. Ẹsẹ̀ mi mọ gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ láti kékeré. Níhìn-ín, afọ́jú ni màá máa jẹ́. Lọ́hùn-ún, Mahbanu, orúkọ tí wọ́n sọ mí, ni màá ṣì máa jẹ́.”

Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má lọ. Èmi tí mo ti ń sá fún ohùn wọn láti ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Kiumars tẹ fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mo fi báàgì kọ́ èjìká, màmá di apá mi mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ètè wọn sì ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ń kà á ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ojú ọ̀tún náà ti lọ.

“Ó ku mélòó, Màmá?”

“Mẹ́rìnlá. Sọ fún ọkọ rẹ kó yéé tẹ fèrè, ó ń dà mí rú.”