A Ò Pe Àǹtí Kọ̀yà Síbi Eré

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi gbogbo ara yọ ṣùtì, ẹ ò bá ti rí Àǹtí Harriet Kọ̀yà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Òun! Olùkọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún níwájú rẹ̀ láìmí! Òun tí àwọn òbí Ajégúnlẹ̀ ń fa ọmọ lé lọ́wọ́ tí wọ́n á ní, “Àǹtí, ẹ bá wa nà án dáadáa.”

Ipò ló gbé e débẹ̀. Ìyá Reuben tó ni ilé ìwé wọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan sí Àpápá, lẹ́yìn Wharf Road, níbi tí àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń béèrè ilé ìwé tí ọmọ ti ń fi eré kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ẹ̀kọ́ fífi eré kọ́ ọmọ tí Philomena, akọ́ni tí wọ́n gbà wá, ń kọ́ wọn. Kọ̀yà fẹ́ ipò náà bí ẹni òùngbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ó ti fi tọrọ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ obìnrin sì ti ń pè é ní Hẹ́dmísírẹ́ẹ̀sì. Báwo ni yóò ṣe padà lọ sọ fún wọn pé eré ni òun ò mọ̀ ọ́n ṣe?

Philomena fúnra rẹ̀ ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọmọ àná tó wọ ṣòkòtò jíǹsì, tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n, òun ló wá ń kọ́ abiyamọ.

“Madam, abeg, no vex,” ni Philomena wí. “Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má pè wọ́n, ẹ má kọ́ wọn. Tí ọmọ kan bá fún yín ní ipò nínú eré wọn, ẹ ṣe ohun tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Na dat one be di exam.”

“Kí ọmọ máa rán mi níṣẹ́?”

“Ehn now, ma.”

Kọ̀yà pòṣé. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ohun tóun mọ̀ nìyẹn. Ó wo páálí, ìdérí ìgò àti iyanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ààtàn ló rí níbẹ̀.

Mansur, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà ń wá ipò yìí, kò tíì jókòó tán tí Ovie kékeré fi fà á ní irùngbọ̀n. “Uncle, you be trailer.” Bí Mansur ṣe fi eékún àti ọwọ́ rìn nìyẹn o, páálí lẹ́yìn, tó ń ké “Pọ́ọ̀m! Pọ́ọ̀m!” Ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé! Ojú gba Kọ̀yà tì.

Wharf, èbúté ọkọ̀ ojú omi, ni àwọn ọmọ ń ṣe. Páálí di kọ̀ǹtẹ́nà, ìdérí ìgò di owó, okùn kan di géètì. Tiwalọlá, ọmọ bíbí inú Kọ̀yà, ló ń pín ipò fún gbogbo wọn: ìwọ jẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwọ jẹ́ ajẹ́ńtì, ìwọ máa sunkún pé ẹrù ẹ ti pẹ́. Kò sí ẹni tó wo ibi tí Kọ̀yà wà. Ó wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ tó wà nítòsí rí ẹ̀rín náà, ó sì rọra kó iyanrìn rẹ̀ sẹ́yìn.

Sùúrù tán. “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Ta ló máa fún mi ní ipò?”

Gbogbo wọn sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n fi ìka lé ètè. Mansur pàápàá dúró gbagidi lórí eékún rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Kọ̀yà wí, inú rẹ̀ dùn. “Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.”

“Madam, ẹ ti pa eré náà,” ni Philomena dáhùn. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.”

Lẹ́ẹ̀kejì, Kọ̀yà lo ọgbọ́n. Wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀, wọn ò ní kó má ṣẹ́jú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wá ojú ọmọ rẹ̀ rí, ó sì ṣẹ́jú sí i pé: wá pè mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Tiwalọlá ti ń mọ ojú ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bá pàdé níbẹ̀: jáwọ́. Ọmọ náà fi kọ̀ǹtẹ́nà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mi ò ṣe mọ́.”

Àánú ṣe Philomena. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Tiwa, wetin Mọ́mì go be for di wharf?”

“Wọn ò ní ṣe.”

“Kí ló dé?”

“Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ò bá mi ṣeré.” Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé ìyá òun kì í jẹ ẹ̀wà. “Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu Mansur, ó gbé e mì. Ooru bo Kọ̀yà láti ọrùn dé orí. Ìtìjú ni, ó sì dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ò dúró de ọkàn rẹ̀.

“Tiwalọlá! Wò ó, mi ò bá ẹ ṣe—”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Ọmọ náà yíjú sí Philomena.

“Ẹ ò gbọ́?” ni ó wí, ó sì padà sídìí kọ̀ǹtẹ́nà rẹ̀.